Igi Wo, Lọ́wọ́ Ta? Ọ̀rọ̀ Lórí Igbó Gbígbìn ní Etíkun Ìlàjẹ

Òkun ti jẹ púpọ̀ nínú ilẹ̀ Ayétòrò, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní ọdún 1947 sí etíkun Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ilé ń wó, ọ̀nà ń rì, àwọn ènìyàn ń ṣí sẹ́yìn. Àjọ NDDC gbé iṣẹ́ ìdènà òkun jáde fún ìlú náà ní ọdún 2004, síbẹ̀ òkun kò dúró. Ní agbègbè Awóyè, kí ilé tó máa lọ, igi ti kọ́kọ́ kú.

Ẹrẹ̀ ni púpọ̀ nínú etíkun Ìlàjẹ, kì í ṣe iyanrìn. Gbòǹgbò ni ó sì ń di ẹrẹ̀ mú. Igi ẹ̀gbà, tí gbòǹgbò rẹ̀ dúró lójú omi bí ẹsẹ̀ akàn, a máa dín agbára ìgbì kù, a máa gba ẹrẹ̀ tí omi gbé wá, ọmọ ẹja àti edé a sì máa sá pamọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ní ìhà ilẹ̀, ni igbó omi dídùn wà, ibùgbé abùrà àti ògùrọ̀. Nígbà tí àwọn awakùsà epo la ọ̀nà omi fún ọkọ̀ wọn, omi iyọ̀ bá ibẹ̀ wọlé. Igi omi dídùn kò lè gbé inú iyọ̀. Ó gbẹ lórí ìdúró.

Ọ̀rọ̀ náà di ẹ̀jẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1998, àwọn ọ̀dọ́ Ìlàjẹ tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún lọ sí orí pèpéle epo Parabe ti ilé-iṣẹ́ Chevron. Ìbàjẹ́ omi àti ilẹ̀ wọn wà lára ohun tí wọ́n ń bínú sí. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun dé, ìbọn pa méjì nínú wọn. Ẹjọ́ náà dé San Francisco ní Amẹ́ríkà, níbi tí ìgbìmọ̀ adájọ́ ti dá ilé-iṣẹ́ náà láre ní oṣù Kejìlá ọdún 2008. Ẹjọ́ parí, igi tí ó kú kò tìtorí rẹ̀ jí.

Nítorí náà, ilé-iṣẹ́ tí ó bá sọ pé òun fẹ́ bá àwọn ará ìlú gbin igbó kékeré kò gbọdọ̀ gba àtẹ́wọ́ kí ó tó dáhùn ìbéèrè méjì: igi wo ni, ta ni yóò sì ni ín?

Akira Miyawaki, ọmọ Japan tí ó kú ní ọdún 2021, ni ó sọ irú igbó bẹ́ẹ̀ di olókìkí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ó gbìn ín yí ilé ẹ̀rọ Nippon Steel ká ní Oita. Igi ìbílẹ̀ nìkan ni ó ń lò, nǹkan bí mẹ́ta lórí mítà kan níbùú lóròó. Wọn a ro koríko rẹ̀ fún ọdún méjì sí mẹ́ta, wọn a sì fi í sílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ àti ará àdúgbò ni ó ń jẹ́ kí ó fi ọwọ́ ara wọn gbìn ín. Inú igbó tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń dá sí nítorí òrìṣà ni ó ti mọ ọ̀pọ̀ nínú igi náà. (Ẹ̀ṣẹ̀ kò sí lọ́rùn igi. Ẹni tí ó ń bọ ọ́ ni ó ṣìnà.) Ìlànà yìí dára fún ọgbà mọ́sálásí àti ilé-ìwé ní Igbókòdá, níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ. Fún ẹrẹ̀ etí òkun, ẹ̀gbà ni.

Ẹ̀gbà kò sì nira. Èso rẹ̀ a ti hù lórí igi kí ó tó já. Wọn a ṣà á, wọn a fi gún ẹrẹ̀. Báyìí ni àwọn ará abúlé ní Casamance àti Sine Saloum ní Senegal, ilẹ̀ àwọn Mùsùlùmí, ṣe gbin nǹkan bí mílíọ̀nù 79 láàárín ọdún 2009 sí 2012, pẹ̀lú owó àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Danone. Ẹni tí ó bá ka irú iye bẹ́ẹ̀ kí ó tún béèrè mélòó ni ó yè, nítorí gbígbìn yàtọ̀ sí híhù.

Bí igi kò bá sì jẹ́ ti ibẹ̀, ète rere náà lè di àjálù. Ọ̀pẹ Nypa tí àwọn òyìnbó gbé wá láti Singapore sí Calabar ní ọdún 1906, kí ó lè máa di etí odò mú, ti gba ilẹ̀ mọ́ ẹ̀gbà lọ́wọ́ káàkiri Niger Delta.

Ànọ́bì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fi an-Naqīʿ ṣe hímà, ilẹ̀ ìpamọ́ tí ẹnìkan kò lè sọ di tirẹ̀, ó sì ṣe igi Mọdínà léèwọ̀ fún gígé. Àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí mìíràn ń sọ pé ìlú àwọn onígbàgbọ́ ni Ayétòrò, pé kí ló kan àwọn. Ànọ́bì kan náà ni ó ka ohun tí ẹyẹ pàápàá bá jẹ lára igi sí sàráà fún ẹni tí ó gbìn ín. Ta ni ó ti béèrè ẹ̀sìn ẹyẹ rí?

Àdéhùn tí àwọn ọ̀dọ́ náà yóò bá ìlú béèrè kò ju ìwọ̀nba lọ: kí ilé-iṣẹ́ kọ́kọ́ dí ọ̀nà omi tí ó ń fa iyọ̀ wọlé, kí ó san owó àbójútó fún ọdún mẹ́ta, kì í ṣe ọjọ́ kan tí wọn yóò ya fọ́tò, kí ìwé ilẹ̀ wà lọ́wọ́ ìlú. Kí wọ́n sì ya ibìkan sọ́tọ̀ fún igi ìdáná, nítorí àwọn obìnrin tí ń yan ẹja àti edé kò lè fi ọwọ́ lásán dáná.