Ẹ Ra Èyí Tó Ń Gbélé

Ẹni tó bá fẹ́ bínú, kó tètè bínú báyìí, torí mi ò ní í sọ ọ́ lábẹ́ ahọ́n. Ìmọ̀ràn tí ẹ ń gba àwọn jàmbáìtì nípa ohun tí wọ́n á máa fi gbọ́ orin kò dáa. Ọmọ tuntun á rí owó díẹ̀ gbà láti ilé, á béèrè pé kí lòun ì bá rà, ìdáhùn kan náà ni á sì gbà ní gbogbo rúùmù: "Íapíìsì ni jàre. Ó ń wọ àpò. Kí lo fẹ́ fi hẹ́dífóònù gbẹ̀ǹgbẹ̀ ṣe, ṣé díjéè ni ẹ́ ni?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ọmọ á lọ rà á. Kó tó pé oṣù méjì, ẹ̀gbẹ́ kan á kú. Á tún ra òmíràn. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí ra mẹ́rin ní sẹ́ṣọ̀n kan, mo sì ń pe ara mi ní ẹni tó mọ owó ṣọ́ ná.

Tèmi ni pé bí owó yín ò bá tó ra méjèèjì, ẹ ra ńlá tó bo gbogbo etí, ẹ fi sílẹ̀ nílé, kí ẹ má gbọ́ orin kankan lójú ọ̀nà.

Mo mọ̀ pé ibẹ̀ lariwo ti máa sọ. "Kí ni ká wá máa gbọ́ nínú mọ́tò?" Ẹ máa gbọ́ mọ́tò. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́ fún ara wa. Ẹ wọ Micra ní Bódìjà, ẹ ń lọ sí Ìwó Road, fèrèsé wà ní ṣíṣí, dẹ́rẹ́bà ń bá dẹ́rẹ́bà jà, fèrè ń dún lọ́tùn-ún lósì. Íapíìsì tí ẹ tì bọ etí, ọ̀kan nínú méjì ni. Bóyá rọ́bà ẹnu rẹ̀ dí ihò etí pa, tí ariwo ò wọlé. A jẹ́ pé bí ẹ bá bọ́ọ́lẹ̀ tí ẹ ń sọdá títì, ẹ ò ní í gbọ́ ọlọ́kadà tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín. Tàbí kó má dí i, kí ariwo máa wọlé, kí ẹ wá máa yí ohùn sókè títí orin á fi borí ẹ́ńjìnnì. Àkọ́kọ́ lè pa yín lójú ẹsẹ̀. Èkejì á máa jẹ etí yín díẹ̀díẹ̀. Èwo lẹ mú?

Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti ITU gbé òdiwọ̀n kan jáde. Wọ́n ní àgbàlagbà lè gbọ́ ohùn tó jẹ́ 80 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Ó pọ̀, àbí? Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ohùn bá fi 3 lé, wákàtí á dín sí ìdajì. Tó bá fi máa dé 90, kò ju nǹkan bíi wákàtí 4 lọ lọ́sẹ̀, àwọn kan nínú yín sì ti lò ó tán kó tó di ọjọ́ Túsìdeè. Àwọn irun tíntìntín tó ń gbọ́ràn nínú etí lọ́hùn-ún, tí wọ́n bá ti kú, wọn kì í hù mọ́.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Mo ti Ilé-Ifẹ̀ bọ̀ ní Ìbàdàn lọ́jọ́ kan, orin ò kúrò létí mi títí a fi dé. Nígbà tí mo sùn lálẹ́, etí òsì mi ń dún wíìì. Mo rò pé ẹ̀fọn ni. Mo dìde, mo tanná, mo gbá ògiri lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí ẹ̀fọn kankan. Inú etí mi ló wà.

Kì í ṣe torí ìyẹn nìkan ni mo ṣe ń jà o. Ní sẹ́ṣọ̀n tó kọjá, mo ṣe prójẹ́ẹ̀tì lórí ìlù dùndún. Mo gba ohùn bàbá onílù kan sílẹ̀ sórí fóònù, ó lé ní ogójì ìṣẹ́jú. Bàbá ń fi ìyáàlù ki àwọn èèyàn ìlú wọn, ọmọ rẹ̀ ń lu gúdúgúdú tẹ̀ lé e. Kí n tó padà lọ béèrè àwọn ibi tó ṣókùnkùn sí mi, bàbá kú. Fáìlì yẹn nìkan ló kù.

Mo fi íapíìsì gbọ́ ọ, mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo gbé e fún supafáísọ̀ mi. Wọ́n dá a padà, wọ́n ní ìlà mẹ́ta níbẹ̀ kò nítumọ̀. Ẹ mọ bí ìlù ṣe ń sọ̀rọ̀. Kò ní "k", kò ní "b". Ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ ló ní, àti bí onílù ṣe ń fà á láti ọ̀kan bọ́ sórí èkejì. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀: ohùn nìkan ló yà wọ́n. Íapíìsì tí mo rà lẹ́bàá títì, bẹ́ẹ̀sì nìkan ló mọ̀. Ó da bẹ́ẹ̀sì lé ohun gbogbo bí ìgbà tí olóúnjẹ bá da omi lé ọbẹ̀ torí èrò pọ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ àti ti àárín wá di ọ̀kan náà létí mi.

Rúùmùméètì mi ló yá mi ní hẹ́dífóònù rẹ̀ lóru ọjọ́ kan. Kì í ṣe olówó gọbọi, ògbólógbòó ni, fóòmù rẹ̀ ti ń ṣí. Wọ́n ti pa jẹnẹrétọ̀, gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì pa rọ́rọ́, mi ò ní í yí ohùn sókè rárá. Mo gbọ́ ibi tí bàbá ti fún awọ tí ohùn gòkè, mo gbọ́ ibi tó ti tú u sílẹ̀. Mo gbọ́ ṣaworo tó wà létí ìlù, tí mi ò mọ̀ pé ó wà nínú fáìlì yẹn rí. Ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nítumọ̀. Èmi ni mi ò gbọ́. Ká ní wọn ò dá a padà ni, ǹ bá ti pa irọ́ mọ́ òkú, ǹ bá sì fi gba máàkì.

Ẹ ní owó ńkọ́? Ẹ ṣírò gbogbo íapíìsì tí ẹ ti jù nù láti ọdún kìíní. Ẹ ní ó ń mú etí làágùn. Òótọ́ ni, mi ò jiyàn, pàápàá lóṣù kẹta. Ẹ ní íapíìsì ṣeé pín fún olólùfẹ́, ẹnì kan mú ti òsì, ẹnì kan mú ti ọ̀tún. Ẹ jọ̀ọ́! Orin tí wọ́n pín ohùn rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, ọ̀kan nínú yín ń gbọ́ gìtá, èkejì ń gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹ wá ń wo ara yín lójú bíi pé orin kan náà ni. Sony tó kó ìrìn bá orin ní 1979 pàápàá rò ó dáa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Walkman àkọ́kọ́ ní ihò méjì fún hẹ́dífóònù méjì, ó ní bọ́tìnnì aláwọ̀ ọsàn kan tí ẹ lè tẹ̀ kí orin rẹlẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì bá ara yín sọ̀rọ̀.

Kẹ́ ẹ má kàn ra èyíkèyìí ṣá. Àwọn kan wà tí ẹ̀yìn wọn ṣí sílẹ̀, bíi HD 600 tí Sennheiser gbé jáde ní 1997, tí àwọn tó mọ orin ṣì ń yìn. Ó dáa fún ẹni tó ń dá gbé. Ẹ gbé e wọ rúùmù ẹlẹ́ni mẹ́jọ, gbogbo wọn ni yóò bá yín gbọ́ ọ, bàtà ni wọn ó fi lé yín jáde. 300 óòmù sì ni, apá ọ̀pọ̀ fóònù kì í ká a dáadáa. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ dí ni kẹ́ ẹ mú, tó wà ní nǹkan bíi 32 óòmù, tí wáyà rẹ̀ ṣeé yọ, torí wáyà ló máa ń kọ́kọ́ kú. Ẹ yẹ ìdí fóònù yín wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Láti ìgbà tí iPhone 7 ti dí ihò wáyà ní 2016, ọ̀pọ̀ fóònù ni ò ní in mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá ń gbé e kọ́rùn lọ sí lẹ́kíṣọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ ọba, tí kò sí orin kankan nínú rẹ̀, èmi àti yín kọ́ là jọ ń sọ̀rọ̀. Gbélé ni mo wí.

Mo ti ra tèmi. Orí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ló wà, kì í jáde. Fáìlì bàbá ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni mò ń pa, kó wá lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́, kó mú íapíìsì rẹ̀ dání, kó fi gbọ́ ìṣẹ́jú méjì, kó wá fi tèmi gbọ́ ìṣẹ́jú méjì. Kó fọ etí rẹ̀ kó tó wá o, fóòmù ṣì tuntun.