Ẹ Má Dá Eré Omi Dúró Lágbede Méjì

Ní ilẹ̀ òkè Kétu, kò sí ọmọ tí a ní láti kọ́ pé omi ṣọ̀wọ́n. Omi abẹ́ ilẹ̀ wa jìn. Ọmọdébìnrin tó ń ru omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ti mọ ìyẹn kí ó tó mọ A, B, D. Ohun tó yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ́ ọ ni bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe lè jọ lo omi kan láìjẹ́ pé ó tán. Nítorí náà, mo wà lẹ́yìn àwọn olùkọ́ tí ń fi eré kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ibi tí wọ́n ń dá eré náà dúró sí ni mo bá wọn jà lé lórí.

Ẹ wo eré náà. Olùkọ́ kó ọmọ ayò 48 sínú igbá: omi nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin yí i ká, olúkúlùkù dúró fún abúlé kan. Wọn kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Olúkúlùkù bu iye tó wù ú, olùkọ́ sì kọ ọ́ sójú pátákó. Lẹ́yìn náà ni òjò rọ̀: iye tó bá kù nínú igbá di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n kò ní ju 48 lọ. Bí olúkúlùkù bá bu 12, igbá gbẹ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Òjò kò rí nǹkan kan sọ di púpọ̀. Bí olúkúlùkù bá bu 6, 24 yóò kù, òjò yóò sì sọ ọ́ di 48 padà. Lẹ́yìn ìgbà mẹ́wàá, ẹni tó ń bu 6 ti ní 60. Ẹni tó bu 12 kò rí òmíràn bù mọ́.

Igbá sábà máa ń gbẹ. Olùkọ́ á wá ní: “Ṣé ẹ rí i? Ohun tí gbogbo ènìyàn bá jọ ní, bíbàjẹ́ ló ń bàjẹ́.” Agogo á lù, ẹ̀kọ́ á parí. Ìdájọ́ Garrett Hardin ní 1968 nìyẹn, ẹni tó fi pápá ìjẹko ṣe àpẹẹrẹ. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí àwọn ọmọ dákẹ́? Òfin eré ni. Kì í ṣe ìwà ẹ̀dá. Elinor Ostrom, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2009, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi irú eré bẹ́ẹ̀ dán àwọn ènìyàn wò: nígbà tí wọ́n gbà kí wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀, èrè gbogbo wọn pọ̀ sí i gidigidi. Nítorí náà, ìpele kejì, tí àwọn ọmọ á ti jíròrò, tí wọ́n á sì ṣe òfin tiwọn, ni ẹ̀kọ́ gan-an.

Èdè wo ni wọn yóò fi jíròrò? Mo ti rí i ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ti ní kí àwọn ọmọ fi Faransé ṣe é: ọmọ méjì tó gbọ́ ọ dáadáa ló ṣe òfin, àwọn yòókù kàn ń mi orí. Òfin tí ènìyàn kò lóhùn sí, kò ní pẹ́ tí yóò fi rú u. Ní Valencia, ní Sípéènì, àwọn àgbẹ̀ ń jókòó ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìlú náà láti dá ẹjọ́ omi oko. Ẹnu ni wọ́n fi ń dá a, ní èdè ìbílẹ̀ wọn.

Wọn á ní Faransé ni èdè ìdánwò. Òótọ́ ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi Faransé kọ àbájáde eré náà sínú ìwé wọn. Ṣùgbọ́n a kì í fi èdè ìdánwò parí ìjà ìdí kànga. Níbi tí ọmọ Fọ̀n tàbí ọmọ Fúlàní bá wà, ẹ wá ògbufọ̀ láàárín àwọn ọmọ fúnra wọn. Ìyẹn náà jẹ́ ara ẹ̀kọ́ omi.

Ẹ̀yin olùkọ́ inú ẹgbẹ́ wa, ẹ fi ìdajì wákàtí kún eré yìí. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí wọ́n bá dá a dúró nígbà tí igbá gbẹ, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè ìpele kejì. Ọmọ tí a pa lẹ́nu mọ́ nídìí igbá, báwo ni yóò ṣe là á nídìí kànga?