Ìrẹsì Kì í Ṣe Ẹja, Ẹ Má Fi Omi Rì Í Mọ́

 Ọ̀rọ̀ kan ti sú wa láti máa gbọ́: "Omi ò gbọ́dọ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ ìrẹsì títí di ìkórè." Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá! Pé ìrẹsì lè fara da omi ò sọ pé ó fẹ́ wà nínú rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbìn ín sórí ilẹ̀ òkè, tí òjò nìkan ń bomi rin, ẹ̀yin kọ́ là ń bá wí. Ẹ̀yin alákùrọ̀ tí ẹ ń fi pọ́ǹpù fa omi ni.

Bí omi bá bo ilẹ̀ pẹ́, afẹ́fẹ́ ò ní ráyè wọlé. Kòkòrò àìfojúrí inú ẹrẹ̀ á máa jẹ ohun tó ń jẹrà níbẹ̀, wọ́n á sì máa tú gáàsì methane jáde. Gáàsì yìí wà lára ohun tó ń mú ayé gbóná jù.

Ẹnìkan á ní, "Ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyẹn." Ṣé òyìnbó ló ń jẹ gbèsè nígbà tí òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀, tàbí tí àgbàrá bá gbé oko lọ? Ká tiẹ̀ fi ti ayé sílẹ̀, ká sọ ti àpò. Omi tí ìrẹsì ò nílò, epo pẹtiróòlù lẹ fi fà á. Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ń yá àgbẹ̀ lówó epo, owó yín náà ló ń rì sẹ́rẹ̀.

Ọ̀nà tí iléeṣẹ́ ìwádìí ìrẹsì, IRRI, ní Philippines ń kọ́ àgbẹ̀ nìyí. Ẹ gé páìpù 30 sẹ̀ǹtímítà, ẹ lu ihò sí i lára, ẹ ri 20 mọ́lẹ̀, kí ẹ sì kó ẹrẹ̀ inú rẹ̀ kúrò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ gbin ìrẹsì sóko, ẹ jẹ́ kí omi fà. Ìgbà tó bá lọ sílẹ̀ tó 15 sẹ̀ǹtímítà sábẹ́ ojú ilẹ̀ ni kí ẹ tó bomi sí i, kó ga tó 5. Àsìkò tó bá ń yọ òdòdó nìkan ni kí omi má ṣe kúrò níbẹ̀. Omi lè dín tó 30 nínú 100, methane lè dín tó nǹkan bí ìdajì, ìkórè ò sì ní dín tí ẹ bá ṣe é bó ṣe yẹ.

Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ jẹ èkuru kó tán, a kì í gbọn ọwọ́ rẹ̀ sáwo. Ẹni tó dín omi kù, tó wá ro pòròpórò ìrẹsì tútù mọ́ ẹrẹ̀ tán tó da omi lé e, gáàsì náà ló tún ń bọ́. Ẹni tó sì dáná sun ún ń fi ajílẹ̀ ara rẹ̀ ṣe èéfín. Ẹ ro ó mọ́lẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, ó kéré tán oṣù kan kí omi tó dé. Tàbí kí ẹ kó o fún màlúù, kí ẹ fi ṣe ajílẹ̀, tàbí kí ẹ fi gbin olú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba owó omi lórí éékà, a ò gbàgbé yín o. Ẹni tó lo díẹ̀ àti ẹni tó ń ṣòfò ń san iye kan náà. Ẹ gbowó bí omi bá ṣe pọ̀ tó, ẹ sì jẹ́ kí omi dé lásìkò, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù fún àgbẹ̀.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ fi ìdajì éékà kan dán an wò lọ́dún yìí. Ẹ máa kọ iye epo tí pọ́ǹpù jẹ sílẹ̀, kí ẹ wá sọ fún wa bí irọ́ la pa.