Ohun Tí A Ṣe fún Ará Làìbéríà, Ẹ Ṣe É fún Ará Kamẹrúùnù

Àwọn ogúnléndé Kamẹrúùnù tó wà ní Nàìjíríà ti lé ní 70,000. Ogun tó bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 2017 ní ẹkùn tí wọ́n ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ló lé wọn wọ Cross River, Benue àti Taraba. A gbà wọ́n, a ṣeun. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ìyá rẹ̀ pọ̀n dé Ogoja nígbà náà ti ń lọ síléèwé báyìí, kò sì tíì sí ìwé tó lè sọ ọ́ di ará ibí.

Olùkọ́ ni mí lágbègbè Ìjẹ̀bú-Igbó láyé ìgbà tí ibùdó ogúnléndé wà ní Òrù. Ọdún 1990 ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún àwọn ará Làìbéríà tí ogun lé kúrò nílé. Àwọn ará Sierra Leone náà wá bá wọn níbẹ̀. Obìnrin kan nínú wọn ló ń bá mi dirun. Ọmọ rẹ̀ wà ní kíláàsì mi, ó gbọ́ Ìjẹ̀bú ju ọmọ onílé mìíràn lọ. Obìnrin yìí kì í tọrọ oúnjẹ. Káàdì ogúnléndé rẹ̀ ló máa ń mú wá kí n bá òun kà, inú ọ̀rá ló ń dì í sí, ó sì ń so ó mọ́ etí ìró. Ẹ̀rù tó ń bà á ni pé kí wọ́n dá ọkọ̀ dúró lójú títì Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ tí káàdì náà bá ti kọjá àkókò.

Lọ́dún 2007, wọ́n ti ibùdó náà pa. Nàìjíríà, Làìbéríà, Sierra Leone, ECOWAS àti UNHCR jọ tọwọ́ bọ̀wé: ẹni tó bá fẹ́ dúró yóò gba ìwé ìrìnnà ìlú rẹ̀, Nàìjíríà yóò sì fún un níwèé ìgbélùú ECOWAS. Obìnrin yẹn gbà á, ló bá gba ṣọ́ọ̀bù sí Àgọ́-Ìwòyè, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń tò síwájú rẹ̀ fún irun dídì. Mo fẹ́ràn ètò yẹn gidigidi, n kò rí èyí tó dára tó o látọ̀dọ̀ ìjọba wa lórí ọ̀rọ̀ ogúnléndé.

Kamẹrúùnù kò sí nínú ECOWAS. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

Ààbò tí a fún wọn pàápàá kò lágbára. Ní January 2018, àwọn agbófinró Nàìjíríà mú Sisiku Ayuk Tabe, aṣíwájú àwọn tó ń jà fún òmìnira ẹkùn yẹn, àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ l'Ábújá, wọ́n sì kó ènìyàn 47 lé Kamẹrúùnù lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti tọrọ ibi ìsádi lọ́dọ̀ wa. Ní March 2019, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní kò bófin mu. Wọ́n ti wà látìmọ́lé ní Yaoundé nígbà tí ìdájọ́ náà jáde. Ẹ̀wọ̀n gbére ni wọ́n dá fún mẹ́wàá nínú wọn níbẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà.

Àwọn kan ń sọ pé àwọn tiwa tí ogun lé kúrò ní Borno ṣì ń jìyà. Òótọ́ ni, ó sì ń dùn mí. Àmọ́ ìwé ìgbélùú kì í gba oúnjẹ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ní in á lè ṣiṣẹ́, á bọ́ ara rẹ̀.

Kí àwọn aṣòfin tún òfin ogúnléndé ti 1989 ṣe, kí ogúnléndé tó bá ti lo ọdún márùn-ún lọ́dọ̀ wa lè gba ìwé ìgbélùú láìjẹ́ pé ìlú rẹ̀ wà nínú ECOWAS. Kí wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé a kò gbọ́dọ̀ fa ẹni tó tọrọ ibi ìsádi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ títí ilé ẹjọ́ yóò fi gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán. Àwọn tó wà ní ibùdó Adagom l'Ógoja ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.