Ọkọ̀ Kan, Orúkọ Méjì

Ó ti mọ́ àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ èdè-ìperí lára pé bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá ní apá méjì, àwa náà yóò wá apá méjì fún un. Bí a bá tẹ̀lé àṣà yìí, ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ń pè ní codeshare yóò di ‘àjọpín àmì’. Èmi kò fara mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí nǹkan ṣe rí gan-an. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àmì onílẹ́tà méjì: KL ni ti KLM, DL ni ti Delta. Ẹni tí ń ti Èkó lọ sí Detroit lè ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ KLM, kí ó wọ ọkọ̀ KLM dé Amsterdam, kí ó sì wá bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ Delta lórí òkun Àtìláńtíìkì, bẹ́ẹ̀ sì ni KL ni a kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìbáṣepọ̀ náà ti pẹ́. Detroit jẹ́ ibùdó Northwest, ilé-iṣẹ́ tí òun àti KLM gba àṣẹ ìjọba Amẹ́ríkà ní 1993 láti máa ṣe bí ẹni pé ọ̀kan ni wọ́n, títí kan pípinnu owó ọkọ̀. Ní 2008 ni Delta gba Northwest mọ́ra. Ta ni ó wá pín àmì níhìn-ín? KL kò kúrò lọ́wọ́ KLM, DL kò sì kúrò lọ́wọ́ Delta. Ọkọ̀ ni ó gbé orúkọ méjì.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ẹwà èdè. Nígbà tí arìnrìn-àjò bá ń wo àkọsílẹ̀ àwọn ọkọ̀ tí ó lè wọ̀, ọkọ̀ kan náà lè hàn lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lábẹ́ orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nígbà mìíràn pẹ̀lú iye owó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Yóò rò pé ọ̀nà mẹ́ta ni òun ń yàn nínú rẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹyọ kan ni. Ọ̀nà mìíràn tòótọ́, bóyá èyí tí ó gba London tàbí Addis Ababa kọjá, yóò ti sún sí ìsàlẹ̀ ibi tí ojú rẹ̀ kò dé. N kò sọ pé ẹ̀tàn ni gbogbo rẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo àti ẹrù tí a kò ní gbà padà lójú ọ̀nà kì í ṣe ohun kékeré. Brueckner àti Whalen, nínú ìwádìí wọn ti 2000, rí i pé owó ọkọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó wà nínú irú ìrẹ́pọ̀ yìí fi bí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tí kò sí nínú rẹ̀, fún ìrìn-àjò tí a bá ti ń pààrọ̀ ọkọ̀ láti ilé-iṣẹ́ kan sí èkejì.

Ohun tí mo dábàá ni ‘ọkọ̀ olórúkọ-méjì’. Ilé-iṣẹ́ tí ó ta tíkẹ́ẹ̀tì ni ‘olórúkọ’. Èyí tí ó gbé èrò ni ‘ọlọ́kọ̀’. (‘Agbèrò’ ni ì bá bá a mu jù, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ garáàjì ti gba ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ wa lọ́wọ́.) Ògbufọ̀ tí ó bá fẹ́ túmọ̀ òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù 261 ti 2004 kò lè ṣe é láìsí ìyàtọ̀ yìí, nítorí pé ọlọ́kọ̀ ni òfin náà di owó gbà-má-bìínú rù bí ọkọ̀ bá pẹ́ jù tàbí tí kò lọ mọ́. Ẹni tí kò mọ ọlọ́kọ̀ rẹ̀ yóò kọ̀wé sí ibi tí kò yẹ.

Ẹnìkan lè wí pé ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ni ó ń yá ọkọ̀ lò, nítorí náà wọn kì í ṣe ọlọ́kọ̀. Ṣùgbọ́n èrò tí ó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ní Dùgbẹ̀ kì í bi awakọ̀ bóyá òun ni ó ni mọ́tò kí ó tó pè é ní ọlọ́kọ̀. Gbólóhùn tí a máa ń fi lẹ́tà wínníwínní kọ sábẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì yóò wá rọrùn láti kọ ní Yorùbá: Olórúkọ, KLM, Ọlọ́kọ̀, Delta.