Hard Disk Tí Kọ̀ǹpútà Kò Rí Lè Má Tíì Kú

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ tí ń ṣiṣẹ́ láàárín Ìkẹjà, Ògbà àti Agége máa ń bi mí lemọ́lemọ́. Wọ́n tan kọ̀ǹpútà, kò ṣí. Ohun tí ó kọ sójú ni "No bootable device" tàbí "Boot device not found". Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà náà wá ibi tí a kó gbogbo iṣẹ́ pamọ́ sí, kò sì rí i.

Computer Village ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ wa ń kọrí sí nígbà náà, ní òpópónà Ọ̀tígbà àti agbègbè rẹ̀ ní Ìkẹjà. Àwọn tó mọṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo ní kí ẹ má tètè gbà ni "ó ti kú, ẹ ra òmíràn." Hard disk tuntun wà lórí àtẹ, àwòrán ìkómọ, ìwé ìṣirò ọjà ìyá yín àti iṣẹ́ àṣekágbá yín ní yunifásítì kò sí níbẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ fetí sí i. Hard disk ayé àtijọ́ ní àwo tí ń yí nínú rẹ̀. Bí ó bá ń dún kọ́kọ́kọ́, ẹ pa kọ̀ǹpútà náà lójú ẹsẹ̀, nítorí yíyí rẹ̀ lè máa ha ojú àwo tí iṣẹ́ yín wà. Ọwọ́ ẹni tó mọ bí a ti ń gba iṣẹ́ jáde nínú disk tó bàjẹ́ ni kí ẹ gbé e lọ. SSD ní tirẹ̀ kì í dún, nítorí kò sí ohun tí ń yí nínú rẹ̀.

Bí kò bá dún, ẹ yọ flash àti ohun gbogbo tí ẹ kì bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà mìíràn, inú flash lásán ni kọ̀ǹpútà ti ń wá Windows. Bí kò bá tíì ṣí, ẹ tún un tàn, kí ẹ sì máa tẹ bọ́tìnnì tí yóò mú yín wọ BIOS: F2 ni lára Dell, F10 lára HP, Delete lára ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Bí ẹ bá rí orúkọ hard disk níbẹ̀, ìrètí ńbẹ. Lọ́pọ̀ ìgbà, ètò ìbẹ̀rẹ̀ tàbí Windows fúnra rẹ̀ ló dàrú.

Ẹ wo déètì inú BIOS náà. Nínú kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀, bátìrì róbótó kékeré tó ń tọ́jú aago sábà máa ń ti kú. Bí ó bá kú, déètì á padà sẹ́yìn ní ọ̀pọ̀ ọdún, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń bá hard disk sọ̀rọ̀ náà sì lè yí padà. Bátìrì tuntun àti àtúntò ètò náà lè tó láti jí i.

Bí orúkọ kò bá sí, ẹ pa á, ẹ yọ iná àti bátìrì, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì ìtanná mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 15. Wáyà méjì ló wọ hard disk kọ̀ǹpútà orí tábìlì: ọ̀kan ń gbé iná, èkejì ń gbé iṣẹ́. Ẹ yọ wọ́n, kí ẹ tún wọn kì dáadáa. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi hard disk náà sára kọ̀ǹpútà mìíràn. Bí ìyẹn bá ní kí ẹ "format" rẹ̀, ẹ má gbà, nítorí nínu nù ni. Ẹ kọ́kọ́ kó iṣẹ́ yín jáde, àtúnṣe lẹ́yìn.

Bí ó bá wá kú lóòótọ́, ẹ má fi òkú rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jà. Ní ọdún 2005, àjọ Basel Action Network láti Amẹ́ríkà wá sí Èkó láti wo àlòkù kọ̀ǹpútà tí ń wọlé láti òkè òkun. Wọ́n yẹ àwọn hard disk tí wọ́n rí gbà níbí wò, wọ́n sì bá ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn tó ti lò wọ́n rí nínú wọn. Bí ti aláwọ̀ funfun bá lè dé Èkó láìparẹ́, tiyín náà lè dé ọwọ́ ẹni tí ẹ kò mọ̀. Nítorí náà, ẹ ní kí wọ́n ṣe é lójú yín, kí ẹ sì gba ti àtijọ́ padà.

Èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lónìí ńkọ́? Ẹ ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ inú rẹ̀ síbòmíràn kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.