Ọ̀rọ̀ Inú Ilé: Sílíńdà Idẹ Méjì Tí Ó Bàjẹ́

Ní nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn, ìyá kan nínú ìjọ béèrè lọ́wọ́ wa ohun tí ó yẹ kí òbí ṣe sí ọmọ tí ń ba ohun èlò jẹ́ nígbà tí ó bá ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. A ṣe ìlérí pé a ó dá a lóhùn nínú ìwé ìròhìn yìí. Kí a má parọ́, ìdáhùn náà kan àwa tìkára wa, nítorí náà ni a ṣe ń fi í falẹ̀ láti ìgbà náà wá.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa kan ń gbé lọ́dọ̀ wa, ọmọ ọdún 16 ni. Láti kékeré ni ó ti ń bi wá léèrè bí omi híhó ṣe lè fa ọkọ̀ ojú irin. Nígbẹ̀yìn a rò ó pé ó sàn kí òun fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rọ oru omi kékeré kan, kí ó sì fi ojú rí i, ju kí àwa máa fi ẹnu ṣe àlàyé ohun tí àwa pẹ̀lú kò mọ̀ délẹ̀. Ọ̀gá kan wà ní àdúgbò wa tí ń fá irin lórí ẹ̀rọ léèdì, èyí tí ń yí irin bí ìrànwú ti ń yí, tí ọ̀bẹ líle yóò sì máa bó o lára díẹ̀díẹ̀. Òun ni àwọn tí ó ní ẹ̀rọ ìlọta ń gbé ọ̀pá ẹ̀rọ wọn tí ó ti gbó lọ bá. Ó gbà fún wa kí a máa lo ẹ̀rọ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn tí iṣẹ́ rẹ̀ bá parí.

Irú ẹ̀rọ oru tí ó rọrùn jùlọ ni a yàn. Sílíńdà rẹ̀ kò dúró sójú kan. A gbé e kọ́ sórí ìṣó kan, ó sì ń fì síwá, ó ń fì sẹ́yìn. Ihò kan wà lára sílíńdà yìí, ihò méjì sì wà lára pátákó idẹ tí ó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí ó bá fì sí apá kan, ihò rẹ̀ yóò bá ihò tí oru ń gbà wọlé pàdé, oru yóò sì ti písítìn. Nígbà tí ó bá fì sí apá kejì, yóò bá ihò àbájáde pàdé, oru tí ó ti ṣiṣẹ́ tán yóò sì tú jáde. Inú sílíńdà náà yóò fẹ̀ ní mìlímítà 12, gígùn rẹ̀ yóò sì jẹ́ 25. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìwọ̀n wọ̀nyí lè rò pé iṣẹ́ ọmọdé ni. Bẹ́ẹ̀ ni àwa pẹ̀lú ti rò.

Sílíńdà kìn-ín-ní bàjẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní. Ọmọ náà fi irin ìluhò tí a fi ń lu irin lu idẹ náà, ó rọra ń tì í, lójijì irin náà já wọ inú idẹ bí ẹni tí a fà wọlé, ó gbá idẹ kúrò ní ẹnu tí ó dì í mú, ó sì ya ihò náà kọjá ìwọ̀n. Ẹnu irin ìluhò tí ó mú tí ó sì tẹ̀ síwájú bí ìwọ̀ dára fún irin, ṣùgbọ́n nínú idẹ ń ṣe ni ó ń fa ara rẹ̀ wọlé. Òkúta ìpọ́nbẹ ni a fi ń ra ẹnu náà díẹ̀ kí ó lè dúró ṣánṣán, kí ó máa ha idẹ dípò kí ó máa wà á. Ọ̀gá sọ èyí fún un, ọmọ náà kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ọ̀ràn náà sì tán níbẹ̀.

Èkejì ni ó dá ìjà sílẹ̀. Lílù rẹ̀ lọ déédéé. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń wọ inú ihò fẹ ihò náà lójú, títí ó fi kù díẹ̀ kí ó pé ìwọ̀n. Nígbà tí a fi písítìn sí i, ó wọlé ní fàlàlà ní ẹnu, ṣùgbọ́n bí ó ti dé ìdajì ọ̀nà, ó há. Ẹnu ihò náà fẹ̀ ju inú rẹ̀ lọ, bí ẹnu fèrè. Owó idẹ náà kò kéré, ó sì ti rẹ̀ wá ní ọjọ́ náà. A sọ fún un níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ ọ̀gá pé ọwọ́ rẹ̀ kò balẹ̀, pé ẹni tí kò lè mú sùúrù fún ihò kan ṣoṣo, kí ló fẹ́ lọ ṣe ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ? Ọmọ náà kò fèsì. Ó nu ẹ̀rọ mọ́, ó kí ọ̀gá, ó sì lọ sílé. Sátidé tí ó tẹ̀ lé e kò bá wa lọ, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ó tún tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa pé ọmọ ní òun kò fẹ́ fi orúkọ sílẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ náà mọ́, pé òun yóò wá iṣẹ́ akọ̀wé ṣe bíi ti Bàbá.

Àwa nìkan ni a padà lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá, pẹ̀lú sílíńdà náà lápò. Ọ̀gá wò ó sí ìmọ́lẹ̀, ó sì béèrè bí ọ̀bẹ náà ti yọ sí lórí ẹ̀rọ. A fi hàn án. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ìka kan ṣoṣo tẹ orí ọ̀bẹ náà, a sì fi ojú ara wa rí i tí ó yẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ta ni ó ní kí ọmọ yọ ọ́ gùn tó báyìí?”

Àwa ni. Ojú wa kò rí ohun kékeré dáradára mọ́, a sì ti ní kí ọmọ náà yọ ọ̀bẹ jáde síi kí a baà lè máa wo bí iṣẹ́ ti ń lọ. Ó ti sọ nígbà náà pé, “Bàbá, ó dà bí ẹni pé ó ń gbọ̀n.” A ní kí ó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ọ̀gá ṣe àlàyé fún wa pé bí a bá sọ gígùn ọ̀bẹ tí a dì mú ní ìdí kan ṣoṣo di ìlọ́po 2, títẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ ẹrù kan náà yóò di ìlọ́po 8. Idẹ ń tì í, òun náà ń yẹ̀ fún idẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò sì lè gẹ ihò tí ó dọ́gba láti ẹnu dé ìdí.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, bí oorun kò ti kun ojú wa, a mú ìtàn James Watt jáde, èyí tí a ti kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ nígbà èwe láìmọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 1763, Watt ń ṣe ohun èlò fún Yunifásítì Glasgow ní Scotland. A gbé àpẹẹrẹ kékeré ẹ̀rọ Newcomen fún un láti tún ṣe, irú èyí tí wọ́n ti ń fi fa omi kúrò nínú ihò ìwakùsà láti ọdún 1712. Sílíńdà rẹ̀ fẹ̀ ní íńṣì 2, ìrìn písítìn rẹ̀ sì jẹ́ íńṣì 6. Watt tún un ṣe tán, ṣùgbọ́n yóò mí lẹ́ẹ̀mélòó kan, yóò sì dákẹ́, bí omi tilẹ̀ ń hó nínú ìkòkò rẹ̀. Kò sọ ọ́ nù, kò sì dá ẹni tí ó ṣe é lẹ́bi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn oru tí ó ń jẹ. Ó rí i pé omi tútù tí a ń tú sínú sílíńdà láti sọ oru di omi ń mú ara sílíńdà tutù, àti pé ọ̀pọ̀ oru ni ó ń ṣòfò láti mú un gbóná padà ní ìgbàkúùgbà. Nínú sílíńdà kékeré ni òfò yìí sì pọ̀ jù, nítorí ara rẹ̀ pọ̀ ju inú rẹ̀ lọ ní ìwọ̀n. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan ní ọdún 1765, bí ó ti ń rìn ní pápá Glasgow Green, ó wá sí i lọ́kàn pé kí a sọ oru di omi nínú ohun èlò mìíràn lọ́tọ̀, kí sílíńdà lè máa gbóná títí. (Kí àwọn arákùnrin wa tí ń tún alùpùpù ṣe ní ọjọ́ Ìsinmi kíyèsí i pé ìrìn ni ó ń rìn.)

Ibi tí àwọn olùkọ́ wa máa ń parí ìtàn náà sí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìyà Watt ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Newcomen a máa da omi sórí písítìn láti dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ihò tí kò yí dáradára kò sì dí i lọ́wọ́ púpọ̀. Watt kò lè da omi síbẹ̀, nítorí yóò mú sílíńdà tutù. Ní Kinneil, níbi tí ó kọ́ ẹ̀rọ ńlá rẹ̀ kìn-ín-ní sí, oru ń gba ẹ̀gbẹ́ písítìn sá lọ, ó fi ìwé dí i, ó fi akísà olóròóró dí i, títí kan fìlà àtijọ́. Ní ọdún 1773, Roebuck tí ń náwó fún un wọ gbèsè, ìyàwó Watt pẹ̀lú sì kú ní ọdún kan náà. Ó lọ bá Matthew Boulton ní Birmingham ní 1774. Níbẹ̀ ni ọ̀nà gbà là, nípasẹ̀ John Wilkinson, ẹni tí ń gbẹ́ ihò ìbọn ńlá. Àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ a máa fi ọ̀bẹ sí orí ọ̀pá tí a dì mú ní ìdí kan ṣoṣo, ọ̀pá náà a sì máa tẹ̀ lé wíwọ́ ihò tí ó bá nílẹ̀. Wilkinson jẹ́ kí ọ̀pá la sílíńdà já, ó sì gbé e lé nǹkan ní orí àti ní ìdí. Boulton kọ̀wé pé sílíńdà tí ó fẹ̀ ní íńṣì 50 kò fi ju ìnípọn owó ṣílè àtijọ́ kan lọ yẹ̀ níbikíbi. Ní 1776 ni àwọn ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gidi, ọdún 11 lẹ́yìn ìrìn ọjọ́ Ìsinmi yẹn.

Ọ̀bẹ tí a dì mú ní ìdí kan ṣoṣo! A pa ìwé náà dé.

Ní òwúrọ̀ a lọ sílé ìyá ọmọ náà. A mọ̀ pé àwọn àgbà kan kò ní fẹ́ràn ohun tí a ṣe, nítorí wọ́n gbà pé bí àgbà bá ṣe àṣìṣe, àánú ni kí ó fi bò ó, kì í ṣe ẹnu. Ṣùgbọ́n níwájú ènìyàn ni a ti bú u. A sọ fún un níwájú ìyá rẹ̀ pé àwa ni a ní kí ó yọ ọ̀bẹ gùn, àwa ni kò gbọ́ nígbà tí ó ní ó ń gbọ̀n, àwa ni a sì ba sílíńdà jẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀.” Ìyá rẹ̀ kò sọ nǹkan kan, ó wọlé lọ gbé omi wá. Ní Sátidé, a tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ létí àwọn ọmọ iṣẹ́ ọ̀gá. Èyí nira ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Sílíńdà kẹta kò gba ọjọ́ méjì. Ihò tiwa kéré jù fún ọ̀pá Wilkinson, nítorí náà a fa ọ̀bẹ sẹ́yìn títí kò fi ju ibi tí iṣẹ́ ń fẹ́ lọ. Nígbà tí ó kù fẹ́ẹ́fẹ́, ọmọ náà tún mú ọ̀bẹ kọjá lẹ́ẹ̀mejì láìtì í síwájú rárá, kí ó lè gẹ ìwọ̀nba tí ó ti yẹ̀ fún. Ó dúró kí idẹ tutù kí ó tó wọ̀n ọ́n, nítorí idẹ gbígbóná ń wú. Písítìn wọlé, ó sì ń sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ìwúwo ara rẹ̀, láìyára. Páǹpù kẹ̀kẹ́ ni a fi fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ̀rọ náà. Ó yí! Ẹ̀yìn ni ó ń yí sí, nítorí àwa tí a mú páǹpù ti fi í sí ihò àbájáde. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, a sì dákẹ́.

Ti ìkòkò oru kò tíì parí. Kí òbí kankan má jẹ́ kí ọmọ fi agolo ṣe é. Bàbà ni, fàdákà ni a fi ń jó o pọ̀, ó gbọ́dọ̀ ní ihò ààbò tí ń ṣí fúnra rẹ̀ bí agbára bá pọ̀ jù. Kí iná tó dé ìdí rẹ̀, a ó fi omi tútù kún un pátápátá, a ó sì fi páǹpù tẹ̀ ẹ́ dé ìlọ́po 2 agbára tí yóò fi ṣiṣẹ́. Bí ó bá bẹ́ nígbà náà, omi yóò kàn ṣàn ni. Oru tí ó bẹ́ lè pa ènìyàn.

Ọmọ náà ti fi orúkọ sílẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ náà. Sílíńdà méjì tí ó bàjẹ́ wà lórí tábìlì wa, a ń fi wọ́n tẹ ìwé orúkọ àwọn tí ń múra fún ìtẹ̀bọmi kí atẹ́gùn má fẹ́ ẹ. Ó lẹ ìwé pélébé mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Lára ti àkọ́kọ́ ó kọ “Èmi”, lára ti èkejì ó kọ “Bàbá”. Ìyàwó wa fẹ́ yọ èkejì yẹn kúrò kí àlejò má baà rí i. A ní kí ó fi í sílẹ̀.